Orò Àwọn Ọ̀mọ̀wé

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ilé ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi tó wà lẹ́yìn ilé wa ní Ìdímù ṣe ìkẹ́kọ̀ọ́jáde. Àwọn ọmọ tí kò tíì lè nu imú ara wọn wọ ẹ̀wù gígùn àti fìlà onígun mẹ́rin, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn. Àwọn òbí ń pàtẹ́wọ́. Àyà tèmi já.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀. Láti Òkè-Ògùn la ti kó lọ sínú ọgbà yunifásítì kan, níbi tí bàbá mi ti ń tọ́jú òdòdó. N kò ní í dárúkọ yunifásítì náà, kí wọ́n má baà fi oyè ọ̀mọ̀wé ọ̀fẹ́ dá mi lọ́lá. Aago gogoro wà láàárín ọgbà, ilé ìkàwé wà lápá ọ̀tún, gbọ̀ngàn ńlá wà lápá òsì. Màámi ń ta ẹ̀pà sísè lábẹ́ aago náà.

Ní ìlú wa, bí Orò bá jáde, obìnrin kì í yọjú. Èyí tó bá fojú kàn án, Orò á gbé e lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, aago dún, gbogbo ọgbà pa rọ́rọ́, àwọn alágbádá pupa sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ láti ilé ìkàwé. Ẹni iwájú gbé ọ̀pá wúrà ńlá. Èmi ọmọbìnrin dojú bolẹ̀ sẹ́yìn òdòdó. Nígbà tí mo yọjú, Màámi dúró gbọn-in, ó ń wò wọ́n.

Làmídì, ọ̀rẹ́ mi tí wọ́n bí sínú ọgbà náà, lóṣòó tì mí.

"Orò òyìnbó ni jàre. Kì í gbé èèyàn lójú ẹsẹ̀. Ó dìgbà tí ẹni náà bá sùn."

Lọ́sàn-án, Màámi sùn lọ lórí àpótí. Mo mì í jìgìjìgì, mo ń sunkún.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ."

Ó lajú. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un. Kò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀rù ba èmi náà. Mo ti fẹ́ sá. Mo wá rí obìnrin kan láàárín wọn, ó ń rìn bí ẹni tó ni ilẹ̀. Mo ní kí n dúró wò ó bóyá wọ́n á gbé e."

"Wọ́n gbé e?"

"Wọn ò gbé e o. Ó tún padà wá ra ẹ̀pà, ó sì ní kí n fi ènì sí i."

Làmídì ti kú. Báńkì ti bo iwájú ilé ìkàwé, aago sì ti dákẹ́. Nígbà tó yá, èmi náà di ọ̀mọ̀wé, mo wọ inú awo ọ̀hún. Kò sí àṣírí kankan lábẹ́ aṣọ yẹn, ooru ni. Ẹ̀rù nìkan ni kò yí padà. Lọ́jọ́ tí mo ń tò wọ gbọ̀ngàn pẹ̀lú wọn, mo rí Màámi lórí àga lẹ́yìn, ó ti darúgbó, ojú rẹ̀ sì ti pa dé. Mo yà kúrò lórí ìlà níwájú gbogbo ọ̀jọ̀gbọ́n, mo lọ fọwọ́ kan èjìká rẹ̀, ó lajú, kí n tó padà sáàyè mi.