Ilẹ̀ Tí Nusirat Ń Gbá

Nusirat kórìíra ìdọ̀tí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ ọ ní Ìsẹ́yìn, ìwà náà ló sì gbé wá sí Ajégúnlẹ̀. Gafar ọkọ rẹ̀ ń ru àpò ajílẹ̀ ní èbúté Kirikiri. Bó bá ti kúrò níbi iṣẹ́, á yà sí oko ẹ̀fọ́ tí wọ́n ń dá lẹ́bàá kánáàlì. Oko yìí gan-an ló ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn. Pòròpórò àgbàdo, gbòǹgbò ẹ̀fọ́, ewé gbígbẹ, gbogbo rẹ̀ ni Gafar ń ro mọ́ ilẹ̀, á wá bu ajílẹ̀ díẹ̀ lé e.

"Bàbá Ràbí, ṣé oko lẹ ń dá ni àbí ààtàn?"

"Ajílẹ̀ ń bọ́ ẹ̀fọ́," ni Gafar máa ń wí, á rẹ́rìn-ín. "Ta ni yóò bọ́ ilẹ̀?"

Nusirat á pòṣé. Ọ̀rọ̀ náà ò wọ̀ ọ́ létí.

Nígbà tí àìsàn àyà pa Gafar, Ìsẹ́yìn ni àwọn ẹbí gbé e lọ sin. Nusirat kò ní sàréè tó lè máa tọ́jú l'Ékòó. Oko náà ló kù fún un. Kí àwọn tó ń bọ̀ wá ṣàdúà ọjọ́ kẹjọ má baà sọ pé ọ̀lẹ lòkú, ó gbá oko bí ẹni gbá ojúde, ó kó gbogbo pàǹtí jọ, ó dáná sun ún. Láti ìgbà náà, gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ló ń gbá a. Á máa gbá a, á máa sunkún, á máa bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Wọ́n ní béèyàn bá ń sunkún, á máa ríran. Ẹkún ti Nusirat ò jẹ́ kó ríran, ta ló sì fẹ́ bá a wí? Ìfẹ́ ló ń ṣe é.

Ẹ̀fọ́ kọ́kọ́ tutù yọ̀yọ̀. Nígbà tó yá, ewé bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ó bu ajílẹ̀ sí i. Ewé tún pọ́n, ó tún bù ú sí i. Ilẹ̀ le gbagidi. Bó bá bomi rin ín, omi á gbé ajílẹ̀, á ṣàn lọ sínú kánáàlì. Lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn, tẹ̀tẹ̀ ò hù mọ́ rárá.

Perpetual, tó ń dáko lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ló là á yé e. "Ìyá Ràbí, ọkọ yín no dey burn am o, kì í dáná sun pàǹtí. Ìdọ̀tí yẹn ló ń jẹrà mọ́ ilẹ̀ tí ilẹ̀ fi ń dúdú. Òun ló ń di omi mú, òun ló ń di ajílẹ̀ mú."

Nusirat mú ọkọ́, ó lọ wú ẹ̀gbẹ́ ọgbà níbi tí ìgbálẹ̀ rẹ̀ kì í dé. Ilẹ̀ ibẹ̀ dúdú, ó rọ̀, ekòló ń rìn nínú rẹ̀. Kò fẹ̀ ju ẹní ìkírun lọ. Ìyẹn nìkan ló ṣẹ́ kù nínú iṣẹ́ ọwọ́ Gafar.

Ní Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, ọwọ́ rẹ̀ ti gbé ìgbálẹ̀ kó tó rántí. Ó jókòó sórí ilẹ̀ líle náà, ó gbé ìgbálẹ̀ lé itan.

"Bàbá Ràbí, mo rò pé mò ń tọ́jú yín ni. Ọwọ́ ara mi ni mo fi gbá yín dànù."