Orúkọ Tí Mi Ò Pè

Ọ̀rẹ́ àbúrò mi kì í pa rédíò. Bí àwọn lọ́yà bá ń jiyàn lórí òfin tó ní ọkùnrin ò gbọdọ̀ fẹ́ ọkùnrin, á kàn dín ohùn rẹ̀ kù, á sì máa lọ ṣẹ́ẹ̀tì àbúrò mi ní tirẹ̀. Òkú kì í lọ ẹ̀wọ̀n, nítorí náà mo lè dárúkọ àbúrò mi: Àyìndé ni. Ọdún méjìdínlógún làwọn méjèèjì fi gbé yàrá kan ní Dadin Kowa, lókè ọya.

Mo bi ọ̀rẹ́ rẹ̀ yìí lọ́jọ́ kan pé ṣé ìgbéyàwó ló ń wù wọ́n ni. Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Haba, Ẹ̀gbọ́n! Ta ló ń wá ìgbéyàwó? Kí ọlọ́pàá ṣáà má wá kó wa."

Nígbà tí Àyìndé kú, èmi àgbà ni mo pe orúkọ àwọn olùṣọ̀fọ̀ fún ẹni tó tẹ ìwé ìsìnkú. Mo pe Ṣadé, mo pe Bọ̀dé, mo pe Làísì ti Rantya, títí dórí Múrí tó máa ń bá a tún ọ̀kadà ṣe. Mi ò pe ti ọ̀rẹ́ Àyìndé. Ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́rìnlá ni òfin sọ. Ẹ̀rù bà mí.

Ó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó kà á láti òkè délẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ ò gbàgbé ẹnì kankan."

Kò bá wa gbé òkú lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ká tó padà dé, ó ti kó kúrò ní yàrá wọn, kò sẹ́ni tó mọ ibi tó lọ.

Mo mọ orúkọ rẹ̀ dáadáa. Mo fẹ́ kọ ọ́ síbí, ọwọ́ mi ò gbà.