Etí Ìwé Tí Aránwèé Gé

Ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Aránwèé kò fẹsẹ̀ kan tẹ ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì rí, síbẹ̀ ó ka Bíbélì ju ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló fà á. Ìwé tó ti já ni wọ́n máa ń gbé wá fún un: Kùránì tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya, Bíbélì tí ojú ìwé rẹ̀ ń jábọ́ bí ewé, ìwé orin, ìwé ilé ẹjọ́. Yóò tú u palẹ̀, yóò fi abẹ́rẹ́ rán an ní abala-abala, yóò fi gọ́ọ̀mù lẹ ẹ̀yìn rẹ̀, yóò tẹ̀ ẹ́ sábẹ́ irin. Ìgbà tó bá gbẹ ni yóò tó gbé e sẹ́nu ẹ̀rọ ìgéwèé, tí abẹ yóò gé etí rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta. Gígé yẹn ló sọ ọ́ di olókìkí. Àwọn oníbàárà a fi àtàǹpàkò ra etí ìwé náà, wọn a ní, "Aránwèé, ṣé ẹ fẹ́ kó gé wa lọ́wọ́ ni?"

Bí gọ́ọ̀mù bá ń gbẹ, ọwọ́ a dilẹ̀, ojú kì í dilẹ̀. Ìgbà náà ló fi ń kàwé. Mùsùlùmí ni, kì í fi ìrun jáfara. Ibi méjì ló sì gbá mú nínú ìwé àwọn ẹlòmíì yìí tí kò fi sílẹ̀ mọ́. Àkọ́kọ́ ni ibi tí Jésù ti sọ fún àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ pé Olùtùnú mìíràn ń bọ̀, tí kò ní sọ ti ara rẹ̀, àfi ohun tó bá gbọ́. Èkejì wà nínú ìwé karùn-ún Mósè, níbi tí Ọlọ́run ti ní òun yóò gbé wòlíì kan bíi Mósè dìde láàrin àwọn arákùnrin wọn. Lójú Aránwèé, Ànábì Muhammad ni ibi méjèèjì ń tọ́ka sí. Ó ní ńṣe ló dà bí ẹni tó ṣèèṣì gba lẹ́tà tí wọ́n kọ sí ilé kejì, tó wá bá orúkọ ẹni tirẹ̀ nínú rẹ̀.

Tíṣà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ni wọ́n jọ ń fa ọ̀rọ̀ yìí. Bàbá kan ló bí wọn, ìyá wọn yàtọ̀. Bàbá kú nígbà tí ẹ̀gbọ́n wà ní ọmọ ọdún mọ́kànlá, tí àbúrò wà ní mẹ́fà. Ìyá kálukú fa ọmọ tirẹ̀ lọ́wọ́, ọ̀kan gba ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀kan gba ọ̀nà mọ́sáláṣí. Ogún tí wọ́n jọ pín kò ju imú lọ: imú gbàǹgbà kan náà, tí àwọn aládùúgbò fi ń dá wọn mọ̀.

Fún ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, ọ̀sán Sátidé kan kì í kọjá kí Tíṣà má jókòó sórí bẹ́ǹṣì inú ṣọ́ọ̀bù náà, láàrin ìgékù bébà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣí ìwé yín. Wòlíì bíi Mósè. Mósè ní bàbá, ó fẹ́yàwó, ó bímọ, ó gbé òfin wá, ó kú, wọ́n sin ín. Ta ló tún rí bẹ́ẹ̀?"

"Ìwọ náà fẹ́yàwó, o bímọ. Ṣé ìwọ ni?"

"Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

"Yẹ̀yẹ́ kọ́. Òfin tó o gbé wá ni mò ń wá. Èyí tí mo mọ̀ kò ju 'ẹ má fi itọ́ ṣí ìwé' lọ."

"Ó dáa. Olùtùnú wá ńkọ́?"

"Ẹ̀mí Mímọ́ ni. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀."

"Ṣebí Ẹ̀mí ti wà tipẹ́. Ṣé ohun tó ti wà ni wọ́n ń pè ní ohun tó ń bọ̀?"

"Òjò náà ti wà tipẹ́, àbúrò, a ṣì ń sọ pé ó ń bọ̀."

Wọn a rẹ́rìn-ín, Tíṣà a dé fìlà rẹ̀, ó di Sátidé tó ń bọ̀. Kò sẹ́ni tó yí ẹnì kejì padà. Bóyá wọn kò tilẹ̀ fẹ́ kó yí.

Àwọn òǹwòran ló bà á jẹ́. Lọ́jọ́ Sátidé kan, pásítọ̀ àtàwọn àgbà ìjọ méjì wá gba ìwé orin wọn, wọ́n sì dúró gbọ́ àríyànjiyàn náà. Bí Aránwèé ṣe rí èrò, ara rẹ̀ yá gágá.

"Ọ̀rọ̀ kan péré ni kẹ́ ẹ wò," ló wí, tó na abẹ́rẹ́ sókè. "Kò ní láàrin wọn. Ó ní láàrin *àwọn arákùnrin* wọn. Ọmọ Ísáákì ni wọ́n. Ta ni arákùnrin Ísáákì? Ẹ dárúkọ rẹ̀, Ẹ̀gbọ́n."

Pásítọ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́. "Tíṣà, ó mú yín o."

Ogójì ọdún ni Tíṣà fi kọ́ ọmọ, kò sí ẹni tó mú un rí lójú kíláàsì. Ojú rẹ̀ le. "Ọbàkan lásán ni Ísímáẹ́lì. Ọbàkan kì í ṣe arákùnrin."

Abẹ́rẹ́ dúró. Gbogbo wọn ló mọ ohun tí àwọn méjèèjì jẹ́ sí ara wọn.

"Èmi wá ńkọ́, Ẹ̀gbọ́n?"

"Ohun tí mo sọ ni mo sọ."

Láti ọjọ́ náà, bẹ́ǹṣì ṣófo. Ọdún mẹ́fà. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ó lé ní ọ̀ọ́dúnrún Sátidé, nítorí gbólóhùn kan ṣoṣo. Àáfà mọ́sáláṣí Aránwèé gbìyànjú láti tù ú nínú. "O ti borí. Ẹnu ọ̀tá ti pa mọ́. Kí lo tún ń wá?"

"Ọ̀tá kọ́ ni, Àáfà. Mo kàn fẹ́ kó kó ọ̀rọ̀ náà jẹ ni."

Kò retí kí Tíṣà wá kírun. Ohun tó ń fẹ́ ni kí Tíṣà kàn sọ pé arákùnrin òun ni Aránwèé, kí ọ̀kan nínú wọn tó kú. Ẹ̀gbọ́n ti di ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin. Iná ẹ̀mí kò ní epo púpọ̀ mọ́.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè kan, ọmọbìnrin Tíṣà wọlé pẹ̀lú Bíbélì dúdú kan nínú ọ̀rá.

"Ẹ kú iṣẹ́, bàbá mi kékeré. Rọpárọsẹ̀ ló kọlu Dádì. Ọwọ́ ọ̀tún ti kú, ẹnu ti wọ́. Kò lè sọ̀rọ̀."

"Láti ìgbà wo?"

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta."

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta! Ẹ ò sì ránṣẹ́ sí mi?"

"A rò pé ẹ ò ní wá ni, sà." Ó wolẹ̀. "Bíbélì yìí ló ń fi ọwọ́ òsì gbá, tí á tún máa nawọ́ sí ọ̀nà ọ̀dọ̀ yín. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti já. A ní bóyá ó fẹ́ kẹ́ ẹ tún un ṣe."

Aránwèé gbà á. Ì bá ṣí i wò. Ṣùgbọ́n ó ti búra pé òun kò ní ka ìwé Tíṣà mọ́ àfi tí Tíṣà fúnra rẹ̀ bá pè é. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé òun yóò ṣe é dára ju gbogbo iṣẹ́ tí òun ti ṣe rí lọ, òun fúnra òun yóò gbé e lọ, Ẹ̀gbọ́n yóò rí i, ojú yóò tì í, ọ̀rọ̀ yóò sì tán. Ó rán an ní ìránméjì. Ẹni tó ń rán ìwé, àárín abala ló ń wò, kì í wo etí. Nítorí pé etí rẹ̀ ti ya wúruwùru, ó sún un wọ ẹnu abẹ ju bó ṣe máa ń ṣe lọ, tó ìdajì ìka. Abẹ bọ́ sílẹ̀. Ó gbá ìgékù rẹ̀ sínú àpò, ọkùnrin tó ń kó pàǹtí sì gbé e lọ nírọ̀lẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ń ṣí ojú ìwé kọ̀ọ̀kan kí ẹ̀yìn tuntun náà lè rọ̀. Ó dé ìwé karùn-ún Mósè. Lẹ́ẹ̀dì wà létí ibẹ̀, ìkọ̀wé Tíṣà kí ọwọ́ rẹ̀ tó kú, tó dúró ṣánṣán bí ọmọ ilé ìwé lórí ìlà. Ìlà mẹ́rin ni, abẹ ti jẹ ìparí ọ̀kọ̀ọ̀kan:

*Àbúrò mi, mo*

*ọbàkan k*

*lọ́jọ́ yẹn, mo*

*kí o má*

Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó tẹjú mọ́ *k* yẹn. Ọbàkan kì í ṣe arákùnrin, bíi ti ọjọ́sí? Àbí ọbàkan kò yàtọ̀ sí arákùnrin? Lẹ́tà kan, ó gba ọ̀nà méjèèjì. Ó sáré lọ sí ààtàn pẹ̀lú gọ́ọ̀mù lọ́wọ́. Eérú ló bá.

Nígbà yẹn ló tó yé e pé Ẹ̀gbọ́n kò rán Bíbélì sí i fún àtúnṣe. Ó rán an sí i fún kíkà.

Ó gbé e lọ sílé Tíṣà. Ẹ̀gbọ́n dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, rédíò kékeré kan lórí àga, ife omi tó ní sítíróò ìfamu nínú. Aránwèé kúnlẹ̀, ó ṣí ìwé náà síwájú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, mo ti gé e. Ẹ forí jì mí. Kí lẹ kọ síbẹ̀?"

Ojú Tíṣà lọ sí etí ìwé náà, ó dúró síbẹ̀ pẹ́. Ẹnu rẹ̀ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Bà," ló wí. "Bà... bà..."

"Ọbàkan? Àbí ẹ ní mo bà á jẹ́ ni?"

"Bà."

"Bàbá tó bí yín ló ń pè," ni ọmọbìnrin rẹ̀ wí lẹ́yìn.

"Ẹ ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, Ẹ̀gbọ́n, tó bá jẹ́ pé arákùnrin yín ni mo jẹ́."

Tíṣà ṣẹ́jú. Ó tún ṣẹ́ ẹ. Ó ṣẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kẹta, lẹ́ẹ̀kẹrin, bí ojú arúgbó tó ń gbẹ ṣe máa ń ṣe. Aránwèé kà á títí dé mẹ́sàn-án, ó dáwọ́ dúró.

Tíṣà kú ní ọjọ́ Fúráìdé. Nínú ìwé ètò ìsìnkú, wọ́n to àwọn tó gbẹ̀yìn rẹ̀: àwọn ọmọ, àwọn ọmọ-ọmọ. Kò sí ìlà fún arákùnrin, kò sí fún ọbàkan. Pásítọ̀ sì fi Olùtùnú ṣe ìwàásù. Aránwèé jókòó sẹ́yìn, nítòsí ilẹ̀kùn, kò gbọ́ ohun tó tù ú.

Àáfà tún wá bẹ̀ ẹ́ pé kó wá ṣàlàyé àwọn ẹsẹ náà fún àwọn èèyàn mọ́sáláṣí. Aránwèé kò ṣiyèméjì nípa àwọn ẹsẹ náà títí dòní. Síbẹ̀, ó ní kí wọ́n wá ẹlòmíì.

Ọmọbìnrin náà fi Bíbélì sílẹ̀ fún un. Ó wà lórí pẹpẹ ṣọ́ọ̀bù, etí rẹ̀ mú bí abẹ. Oníbàárà kan fi ìka ra á lọ́jọ́sí.

"Iṣẹ́ yìí dára o. Ta ló ni ín?"

"Ọbàkan mi ni."

"Ọbàkan báwo? Ṣé arákùnrin yín ni?"

Aránwèé gbé abẹ́rẹ́, ó ń wá ihò tí òwú yóò gbà kọjá, kò sì rí i.