Ìbéèrè Kan Nípa Omi Àsin

Agogo mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, lọ́dún kejì tí ìjọba alágbádá dé, ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í jowú ọmọbìnrin ará Ìfàkì tí a jọ ń kọ ìròyìn fún ìwé ìròyìn kan náà. Èmi ń bójú tó Ìkòlé àti Ọ̀yẹ́, òun ń bójú tó Ìdó. Wọn ò tíì gba èyíkéyìí nínú wa síṣẹ́ pátápátá, olóòtú wa sì ti sọ pé ẹnì kan ṣoṣo lòun máa mú.

Nínú takisí tó gbé wa lọ sí ìpàdé oníròyìn tí kọmíṣọ́nnà ọ̀rọ̀ omi pè ní Adó láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo sọ fún un pé ẹ̀rọ omi tí ìjọba gbé sí Àsin, lágbègbè Ìkòlé tèmi, kò tíì yọ omi. Odò ni àwọn obìnrin ibẹ̀ ṣì ń lọ. Ó ń jẹ ẹ̀pà. Mi ò rò pé ó gbọ́.

Àṣà iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ omi ni pé akọ̀ròyìn kan, ìbéèrè kan. Mo rò pé mo gbọ́n: mo so márùn-ún pọ̀ di ọ̀kan. Ta ló gba iṣẹ́ Àsin, ta ló yẹ̀ ẹ́ wò, mo sì ń bá a lọ.

Kọmíṣọ́nnà bọ́ dígí ojú rẹ̀. “Ọmọ mi, ṣé kí n kọ́kọ́ lọ jẹun ná, kí n tó wá dáhùn?”

Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Ó mú èyí tó rọrùn jù níbẹ̀: agbaṣẹ́ṣe tó dáńgájíá ló gba iṣẹ́ náà. Ó tán.

Ọmọbìnrin náà dìde. “Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Ìgbà wo lomi máa yọ ní Àsin?”

“Kí oṣù yìí tó parí.”

Níta, mo ní, “Ìbéèrè mi lo bi wọ́n.”

“Tìẹ kẹ̀? Tìẹ gùn ju ọ̀nà Ọ̀mùò lọ! Má fajú ro jàre, gba ẹ̀pà.”

Ìròyìn rẹ̀ ló wà lójú ewé àkọ́kọ́. Mo kà á títí, mò ń wá àṣìṣe. Mi ò rí. Ìrètí kan ló kù fún mi: bí omi kò bá yọ, olóòtú á rí i pé ìlérí òfìfo ni ọmọbìnrin náà gbé jáde. Nígbà tí oṣù ń parí lọ, mo gun ọ̀kadà lọ sí Àsin.

Òun ni wọ́n padà mú síṣẹ́. Bóyá nítorí ìbéèrè yẹn ni, mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà. Ohun tí mo mọ̀ dájú ni pé mo fọwọ́ ara mi fa ẹ̀rọ náà ní Àsin, omi sì tú jáde, ó mọ́, ó tutù.