Ohùn Bùrọ́dà Sylvanus Lórí Rédíò

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni Bùrọ́dà Sylvanus, ọkùnrin tí ohùn rẹ̀ dùn ju inú rẹ̀ lọ. Ọ́fíìsì ìròyìn ìjọba kan ní Ọ̀wọ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́. Òun ni àwọn oníròyìn ń lọ bá tí wọ́n bá fẹ́ gbọ́ tẹnu ìjọba, òun náà ló sì ń fi èdè Ọ̀wọ̀ sọ̀rọ̀ lórí rédíò. Bí ohùn rẹ̀ bá ti dún ní Elegbeka níbi tí à ń gbé, Theresa ìyá mi á ní kí gbogbo wa panu mọ́: "Bùrọ́dà mi nìyẹn!"

Ní 1991, ìgbẹ́ gbuuru wọ abúlé wa, èébì tẹ̀lé e. Nọ́ọ̀sì Kúlísúmù, ọmọ Àkókó, là á mọ́lẹ̀ pé onígbáméjì ni, kí ẹnikẹ́ni má mu omi odò láìsè é. Ìyá mi gbọ́ràn. Ojoojúmọ́ ló ń se omi, tó ń bú igi tútù tó ń ta èéfín sí i lójú.

Àwọn oníròyìn gbọ́, wọ́n lọ bi Bùrọ́dà. Ọ̀gá rẹ̀ sì ti kìlọ̀: àlejò pàtàkì ń bọ̀ láti Àkúrẹ́, kò gbọdọ̀ dárúkọ onígbáméjì. Bùrọ́dà mọ òótọ́. Ó ní lórí rédíò pé inú rírun lásán ni, pé máńgòrò tí àwọn ará oko ń jẹ láìfọ̀ ló fà á. Ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín sí i. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ là ń ra èké.

Ìyá mi náà rẹ́rìn-ín. Ó fa igi yọ nídìí ìkòkò. "Nọ́ọ̀sì wo ló mọ̀ ju Bùrọ́dà mi lọ?" Ká ní ẹlòmíràn ló sọ ọ́ ni, kì bá tí gbà.

Kò pẹ́ tí a fi sin ín.

Bùrọ́dà sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú, mi ò ka ẹkún yẹn sí. Òun fúnra rẹ̀ ló ka ìkéde òkú náà lórí rédíò: "Ó jáde láyé lẹ́yìn àìsàn ráńpẹ́." Nígbà tó délé, mo bi í pé àìsàn wo. Ó ní, "Mojí, bí a ti ń kà á nìyẹn."

Àwọn obìnrin tó wá kí wa kú ọ̀fọ̀ ń bu omi odò mu nínú àmù. Mo gba kọ́ọ̀bù lọ́wọ́ ìyá Boniface, mo da omi inú rẹ̀ nù, mo pariwo pé onígbáméjì ló pa ìyá mi. Ó wò mí tàánútàánú, ó gba kọ́ọ̀bù rẹ̀ padà, ó sì bu òmíràn.

"Ọmọ mi, rọra. Bó bá jẹ́ onígbáméjì ni, ṣé ẹ̀gbọ́n ìyá ẹ ò ní sọ fún wa ni?"