Ọkọ̀ Tọ́bò Láàárín Àwọn Àna

Ọkọ̀ tí mò ń gbé lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́ ní tọ́bò. Mo fẹ́ kí ẹ mọ èyí ṣáájú ohunkóhun mìíràn, nítorí kì í pẹ́ rárá kí n tó sọ ọ́ fún ènìyàn. Tọ́bò jẹ́ fáànù kékeré kan tí èéfín ọkọ̀ ń yí, tí òun náà sì ń ti afẹ́fẹ́ wọ inú ẹ́ńjíìnì tipátipá, kí ẹ́ńjíìnì kékeré lè máa ṣe bí ẹni ńlá. Bí mo ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún ìyàwó mi nìyẹn lọ́jọ́ tí mo gbé ọkọ̀ náà wálé. Ó wò mí títí, ó ní òun mọ àwọn olùkọ́ yunifásítì kan tí wọ́n ní irú rẹ̀ lára.

Ìjẹ̀bú-Igbó ni à ń gbé. Ọmọ ibẹ̀ ni ìyàwó mi. Èmi wá láti apá Ògbómọ̀ṣọ́ láti wá kọ́ni ní Àgọ́-Ìwòyè, mo rí i, mo fẹ́ ẹ, mo sì dúró. Òun ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní ilé-ìwé girama kan ní Òrù. Láràárọ̀, màá já a sílẹ̀ ní Òrù, màá sì máa bá tèmi lọ sí Àgọ́-Ìwòyè. Ọ̀nà náà kò jìn. Àwọn ọkọ̀ tí wọn kò gbọ́ orúkọ tọ́bò rí ń dé ibẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Àwa nìkan là ń pẹ́.

Pípẹ́ yìí pọ̀ débi pé ọ̀gá ilé-ìwé rẹ̀ pè é sí ọ́fíìsì. Obìnrin náà kì í pariwo. Ó kàn ní, "Ìyá wa, bí Òrù bá jìn jù fún yín, bóyá kí n kọ̀wé kí wọ́n gbé yín lọ sí Abigi, kẹ́ ẹ máa sùn síbẹ̀."

Kò sí ohun tó ṣe Abigi. Olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ ni, ẹja ibẹ̀ dára, gbogbo olùkọ́ tí mo mọ̀ tí wọ́n gbé lọ sí apá odò yẹn ló padà wá pẹ̀lú ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó yọ. Ṣùgbọ́n ó jìnnà sí wa. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kò ní máa rí ilé rẹ̀ àfi lópin ọ̀sẹ̀. Èmi kò fẹ́ dá gbé. Ìyàwó mi náà kò fẹ́ lọ, ó ní òun lè darí dé lọ́jọ́ Jímọ̀ kan kí òun bá ẹ́ńjíìnì lórí bẹ́ẹ̀dì òun.

Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Mo ní agbára ọkọ̀ ni kò tó, pé màá wá nǹkan tí kò wọ́n tí yóò fi kún un.

Ọ̀dọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi kan ní ẹ̀ka ìmọ̀ ìṣèlú ni mo kọ́kọ́ lọ. Ògbóǹtarìgì ni lórí ọ̀rọ̀ tọ́bò. Ó ní ohun tí ọlọ́gbọ́n ń wò kì í ṣe iye owó, bí kò ṣe iye agbára tí owó náà rà. Ó ka àtúnṣe náà fún mi ní ìpele-ìpele, Sitéèjì Kìíní, Sitéèjì Kejì, pẹ̀lú ohùn ẹni tó ti lọ sí Mẹ́kà tó ń ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tí kò lọ. Kẹ̀kẹ́ Màrúwá ni òun fúnra rẹ̀ ń wọ̀ wá síbi iṣẹ́, nítorí ọkọ̀ tirẹ̀ ti wà ní Sitéèjì Kejì láti ọdún tó kọjá, lọ́dọ̀ mẹkáníìkì.

Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tí kò náni ní púpọ̀: plọ́ọ̀gì tuntun, fílítà afẹ́fẹ́ tuntun, ọ́ìlì gidi. Ọkọ̀ náà yá díẹ̀. A sì pẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹnì kan tó ń tún wáyà ọkọ̀ ṣe so kọ̀ǹpútà alágbèéká mọ́ ọn, ó ní òun ti sọ fún ọpọlọ ọkọ̀ náà gbogbo ohun tí àwọn Jámánì tó ṣe é fi pa mọ́ fún un. Lóòótọ́, bí mo bá fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ báyìí, ẹ̀yìn mi á lẹ̀ mọ́ ìjókòó. A tún pẹ́. Mo wá yọ sàlẹ́ńsà, mo fi páìpù tó fẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Ẹlẹgbẹ́ mi ní tọ́bò nílò kó máa mí dáadáa. Ó mí. Àdúgbò mẹ́ta ló ń gbọ́ mímí rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá bàjẹ́ pátápátá nìyẹn. Ní ìlú ìyàwó ẹni, kò sí ẹni tí kì í ṣe àna ẹni. Bí ẹnikẹ́ni bá ti nawọ́ sí mi lẹ́bàá títì, mo gbọ́dọ̀ dúró, kí n sọ̀ kalẹ̀, kí n dọ̀bálẹ̀, kí n tó béèrè ibi tí wọ́n ń lọ. Tẹ́lẹ̀, àwọn tó bá ṣèèṣì wà níta nìkan ló ń rí wa mú. Nísinsìnyí, páìpù náà ń kéde wa. Wọ́n ń gbọ́ wa látinú ilé, wọ́n sì ń ráyè di ẹrù.

Olórí wọn ni àbúrò bàbá ìyàwó mi, Alájì kan tó ń ta pákó ní Òrù. Bó bá ti kírun àsùbáà tán, ó ti dé ojú títì.

"Àna wa, látìgbà tẹ́ ẹ ti tan iná sí i la ti ń gbọ́ yín."

"Ẹ káàárọ̀, sà." Ilẹ̀ ni mo ti ń dáhùn.

"Ọkọ̀ yìí ti wá ní ohùn. Tẹ́lẹ̀, ńṣe lẹ kàn ń yọ́ kọjá bí ológbò."

"Ẹ má bínú, sà."

"Ẹ dìde, ẹ dìde, ẹ̀wù yín ń dọ̀tí. Níbo la máa fi ewúrẹ́ sí?"

Ìyàwó mi á jókòó níwájú, á dijú. Ọkùnrin tó ti nà gbalaja sílẹ̀, ìyàwó rẹ̀ kò lè yọjú lójú fèrèsé kó ní kó dìde káwọn máa lọ. Bẹ́ẹ̀ la ó ṣe rìn dé Òrù, Alájì àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn, gààrí àti kẹ́ẹ̀gì epo nínú búùtù, pákó lójú fèrèsé, abẹ́ ọkọ̀ ń ha ilẹ̀, tọ́bò ń súfèé lásán.

Mo padà lọ bá ẹlẹgbẹ́ mi. Ó ní àtúnṣe tó dára jù kò náni ní nǹkan kan: kí n dín ìwúwo ọkọ̀ kù. Ó ní àwọn tó ń fi ọkọ̀ sáré ìje kì í fi ìjókòó ẹ̀yìn sílẹ̀. Inú mi dùn. Bí kò bá sí ìjókòó, kò ní sí èrò. Mo yọ ọ́ lọ́jọ́ Àìkú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Alájì yọjú wo ẹ̀yìn ọkọ̀. "Ọlọ́run á bù sí i fún yín," ó ní. "Ẹ ti wá àyè fún ẹrù." Ó padà wọlé, ó gbé àpótí ìjókòó tirẹ̀ jáde, ó sì jókòó láàárín àwọn kẹ́ẹ̀gì bí ọba.

Lọ́jọ́ náà, wọ́n ti ti géètì kí ìyàwó mi tó dé. Ọ̀gá rẹ̀ sọ fún un pé àwọn tó ń bẹ ilé-ìwé wò ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀, pé bí wọn kò bá bá a lórí ìlà pẹ̀lú àwọn ọmọ, lẹ́tà Abigi ti délẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, ó wá bá mi nídìí ọkọ̀.

"Dókítà, kí ló kù tẹ́ ẹ ò tíì pààrọ̀ nínú ọkọ̀ yìí?"

"Ó ku tọ́bò ńlá."

"Tẹ́ ẹ bá ra tọ́bò ńlá tán ńkọ́?"

"Ó ku ohun tó ń mú afẹ́fẹ́ rẹ̀ tutù."

"Lọ́jọ́ Ajé, ẹ máa fún mi ní kọ́kọ́rọ́."

Mo ṣàlàyé fún un pé kì í ṣe gbogbo ẹsẹ̀ ni tọ́bò gbà, pé ó ní sùúrù tó ń béèrè, pé èèyàn gbọ́dọ̀ mọ ìṣesí rẹ̀. Ó ní òun ti ń wa ọkọ̀ àjàgbé tí bàbá òun fi ń kó gẹdú kí n tó mọ̀ pé Ìjẹ̀bú-Igbó wà nínú máàpù.

Lọ́jọ́ Ajé, òun ló jókòó sídìí ọkọ̀. Alájì ti wà lójú títì pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ̀ àti àpò mélòó kan. Ọwọ́ mi ti wà lára ilẹ̀kùn láti sọ̀ kalẹ̀. Ìyàwó mi kò dúró. Ó dín eré kù díẹ̀, ó yọ orí, ó sì fi Ìjẹ̀bú bá wọn sọ̀rọ̀. Pẹ̀lú gbogbo ọdún tí mo ti lò níbẹ̀, ìdajì ni mo gbọ́: pé ẹ káàárọ̀, pé iṣẹ́ ni òun ń lọ, pé ọkọ̀ èrò ń bọ̀ lẹ́yìn. Ìdajì tí n kò gbọ́ ló dà bíi pé ó wọ̀ wọ́n lára jù. Èmi ti dojú bolẹ̀ lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, mo ń dọ̀bálẹ̀ débi tí bẹ́líìtì ìjókòó gbà mí láyè dé.

Àwọn ló bí i. Ọmọ tí wọ́n bí lè sọ fún wọn pé kò sí àyè. Èmi tí mo wá tọrọ ọmọ lọ́wọ́ wọn, ibo ni màá ti rí ẹnu?

Nígbà tí àwọn abẹniwò dé, wọ́n bá a níwájú àwọn ọmọ tó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Ọ̀gá rẹ̀ ni wọ́n dúró dè. Kò sẹ́ni tó tún dárúkọ Abigi.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Alájì wá sílé wa pẹ̀lú adìyẹ kan lọ́wọ́. Mo ti wà nílẹ̀ kó tó dé ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ dìde, àna wa. Ẹ̀yin gan-an la wá kí." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Àṣé bẹ́ ẹ ṣe ń bá a gbé nìyí. Láti kékeré ló ti burú báyẹn. Ẹ ṣáà fi sùúrù sí i, Ọlọ́run á san yín lẹ́san."

Mo gba adìyẹ. Mo ń gbọ́ ẹ̀rín ìyàwó mi nínú ilé ìdáná.

Láti ìgbà náà, òun ló ń wa ọkọ̀ dé Òrù. Mo ti dá ìjókòó ẹ̀yìn padà, ṣùgbọ́n mo fi páìpù sílẹ̀: àwọn àna mi ń gbọ́ wa láti òkèèrè, wọ́n sì ń ráyè fà sẹ́yìn kúrò lójú títì. Ẹsẹ̀ ìyàwó mi wúwo. Gbogbo agbára tí mo rà tí n kò ráyè lò, òun ń lò ó tán láàárín ilé wa àti kọ́nà tó ṣáájú Òrù, èmi sì ń bá a tẹ búrékì níbi tí kò sí búrékì.

Owó tí mo tọ́jú fún tọ́bò ńlá, mo kó o lọ bá mẹkáníìkì. Mo ní kó fi búrékì tó dára jù sí i, níwájú lẹ́yìn, pẹ̀lú táyà tuntun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó yà á lẹ́nu. Ó ní àwọn oníbàárà òun tó ní tọ́bò kì í béèrè búrékì, ohun tó ń sáré ni gbogbo wọn ń wá.

Mo ní, "Àwọn yẹn ló ń wa ọkọ̀ wọn fúnra wọn."