"Mo Ti Yó": Irọ́ Tí Wọ́n Fi Pàṣán Kọ́ Wa

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Iléṣà, irọ́ kan ṣoṣo ló wà tí ìyá mi kì í nà mí sí bí mo bá pa á. Kódà, bí mi ò bá pa á gan-an ni wọn yóò nà mí. Irọ́ náà kò ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ: "Mo ti yó." Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ ti lé ní àádọ́ta ọdún, ẹ má ṣe bí ẹni pé ẹ ò mọ ohun tí mò ń sọ. Wọ́n kọ́ ẹ̀yin náà. Inú ń bí mi bí mo ti ń kọ ọ́ yìí, mi ò sì ní fi pamọ́.

Ilé wa kì í ṣe ilé ebi o. Bàbá mi ń ṣe tíṣà, ìyá mi ń ránṣọ, àwa ọmọ mẹ́rin la sì ń gún iyán nírọ̀lẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin á di ọmọ odó kan mú, èmi àti àbúrò mi á jọ máa fi èkejì sáré tẹ̀ lé e, òógùn á máa kán tótó lára wa, Màámi á máa pariwo pé kí a má jẹ́ kó ní kókó. Ọbẹ̀ ẹ̀gúsí á ti máa hó lórí iná igi, òórùn ọ̀yà gbígbẹ á gba gbogbo àgbàlá, suwé tí àwọn ọmọ àdúgbò ń ta lọ́wọ́ á sì tú ká fúnra rẹ̀. Ẹran la máa ń jẹ kẹ́yìn. Ọmọ tó bá kọ́kọ́ fọwọ́ kan ẹran, ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n á fi orógùn gbá.

Bí a bá fẹ́ jáde lọ kí èèyàn ni ẹ̀kọ́ irọ́ máa ń bẹ̀rẹ̀. Màámi á fi ìpara kùn wá lẹ́sẹ̀ títí á fi máa dán, wọ́n á wá ka òfin fún wa. A ò gbọdọ̀ béèrè omi. A ò gbọdọ̀ wo ẹnu ẹni tó ń jẹun. Bí wọ́n bá sì ní kí a wá jẹun ńkọ́? A ó dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé, "Mo ti yó, ẹ ṣé mà." Wọ́n á ní, "Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde," a ó sì gbéra. Lóde, ojú Màámi ló ń sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá ranjú mọ́ ọ, sún sẹ́yìn. Bí wọ́n bá ṣẹ́jú, dìde, bọ́ síta. Ṣùgbọ́n bí wọn ò bá wò ọ́ rárá, tí wọ́n kàn ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí onílé, ọ̀rẹ́ mi, o ti kú nìyẹn.

Mo pé ọmọ ọdún mẹ́jọ nígbà tí mo tẹ̀ lé wọn lọ sí Ọ̀tan-Ilé lọ wọn aṣọ ìyàwó fún ọmọ ìyá kan tí à ń pè ní Màmá Ọ̀tan. Èmi ni mo gbé báàgì tí téèpù àti ìwé wà nínú rẹ̀. A ti kúrò nílé kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ọkọ̀ bàjẹ́ lọ́nà, oòrùn sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé àtàrí kí a tó débẹ̀. Kò sí nǹkan kan nínú mi. Màmá Ọ̀tan gbé iyán funfun kan jáde, ó ń rú èéfín, wọ́n fà mí lọ́wọ́, wọ́n ní, "Ọmọ mi, wá jẹ uyán." Mo mọ̀ pé ojú Màámi wà lára mi. Èmi ni mi ò wo apá ibẹ̀. Mo jókòó, mo jẹ ẹ́, mo pọ́n ọwọ́ lá. Nígbà tí mo gbójú sókè, Màámi ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí Màmá Ọ̀tan.

A délé. Wọ́n ní kí n fi ìka kan kanlẹ̀ kí n gbé ẹsẹ̀ kan sókè, pàṣán sì ń bá mi lẹ́yìn bí mo bá ti ń fẹ́ ṣubú. Ìyẹn kò dùn mí. Ohun tó dùn mí ni pé wọ́n kó aṣọ mi méjì sínú báàgì ìránṣọ kan náà, wọ́n gbé e sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní kí n padà lọ máa gbé lọ́dọ̀ ẹni tó ń fún mi lóúnjẹ. Mo gbà á gbọ́. Mo jókòó ti báàgì náà, mò ń sunkún títí bàbá mi fi ti ilé ìwé dé. Odindi sáà kan ni àwọn ẹ̀gbọ́n mi fi ń pè mí ní "Ọmọ Ọ̀tan." Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí, ebi ń pa mí, wọ́n fún mi lóúnjẹ, mo jẹ ẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ẹ̀ṣẹ̀ mi?

Nígbà tó yá, wọ́n gbé iṣẹ́ bàbá mi wá sí Òṣogbo, a sì háyà yàrá ní Òkè Fìà. Àlàájà kan ló ń gbé ìsàlẹ̀ ilé náà, ọkọ wọn ń rọ góòlù. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti kọ́ apá kejì irọ́ yìí. Lọ́jọ́ Iléyá, Àlàájà gbé àwo ẹran wá, mo ní mo ti yó. Wọ́n tún ní kí n jẹ, mo tún ní mo ti yó. Ẹ̀ẹ̀kẹta, Àlàájà jágbe mọ́ mi: "Ikùn ẹ ni mò ń bi, mi ò bi ẹnu ẹ. Wálàhí, jókòó síbẹ̀!" Mo wo Màámi, wọ́n mi orí díẹ̀, mo jẹun. Bí ètò náà ṣe rí nìyẹn. O máa kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, onílé tó mọyì rẹ á rọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ìwọ náà á wá ṣe bí ẹni tí wọ́n fi túláàsì mú. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ síbì kan, àmọ́ gbogbo wa la mọ̀ ọ́n.

Mo dàgbà, mo ṣe iṣẹ́ ìjọba ní Àbẹ̀rẹ̀, níbi tí àwọn ọ́fíìsì ìjọba wà ní Òṣogbo, títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí, Fúnmiláyọ̀, ohun tí wọ́n kọ́ mi ni mo sì kọ́ òun náà, ojú, òfin, ìfọ́tí, gbogbo rẹ̀. Fúnmi lọ kàwé ní Póláǹdì, ó pàdé ọmọkùnrin ibẹ̀ kan, Tọ́másì, wọ́n ní àwọn fẹ́ fẹ́ra. Lọ́dún tó kọjá, mo wọkọ̀ òfuurufú lọ kí àwọn àna mi lójúkojú kí ọjọ́ ìgbéyàwó tó pé. Opó ni ìyá Tọ́másì bíi tèmi. Òun ló yan ibi tí a ó ti jọ jẹun, ilé oúnjẹ ìbílẹ̀ wọn kan, nítorí ó ní bí ìyá ìyá òun ti ń sè é ni wọ́n ṣì ń sè é níbẹ̀. Fúnmi ti kìlọ̀ fún mi láti àárọ̀ pé kí n fi àyè sílẹ̀ nínú ikùn mi, oúnjẹ ibẹ̀ pọ̀. Tíì lásán ni mo mu.

Ilé onípákó ni. Wọ́n so áyù kọ́ ara ògiri, aṣọ orí tábìlì sì ní òdòdó pupa tí wọ́n fi ọwọ́ rán. Ọmọ aránṣọ ni mí, mo yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò, iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tó fara balẹ̀ ni. Kí a tó sọ ohun tí a fẹ́ ni wọ́n ti gbé búrẹ́dì dúdú wá, pẹ̀lú ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fi àlùbọ́sà yọ́ àti kùkúńbà tí wọ́n rẹ títí ó fi kan. Ọbẹ̀ wá tẹ̀ lé e. Inú búrẹ́dì rogodo tí wọ́n gbẹ́ inú rẹ̀ ni wọ́n dà á sí. Ó funfun, ẹyin àti sọ́séèjì wà nínú rẹ̀, ìyẹ̀fun tí wọ́n rẹ sómi títí ó fi kan ni wọ́n fi sè é. Mo gbọ́ òórùn rẹ̀, omi ògì ni! Omi ògì ọjọ́ kẹta gan-an. Itọ́ yọ lẹ́nu mi.

Ìyá Tọ́másì ti àwo náà sọ́dọ̀ mi. Gbogbo ojú wà lára mi. Ìyá ìyàwó ni mí, iwájú àna ni mo wà, bí mo bá sì kọlu oúnjẹ, wọ́n á ní irú ilé wo ni ìyàwó àwọn ti jáde? Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, "Ẹ ṣé o, mo ti yó." Fúnmi wò mí kọ̀rọ̀, ó túmọ̀ rẹ̀. Obìnrin náà tún ti àwo sọ́dọ̀ mi, ó ń fọwọ́ bẹ̀ mí. Mo fọwọ́ lé àyà, mo ní mo ti yó pátápátá. Ọwọ́ mi kejì ti di ṣíbí mú lábẹ́ tábìlì, ẹ̀ẹ̀kẹta ni mò ń dúró dè.

Ẹ̀ẹ̀kẹta kò dé. Ìyá Tọ́másì sọ nǹkan wẹ́rẹ́ fún ọmọbìnrin tó ń gbé oúnjẹ, ìyẹn sì gbé ọbẹ̀ mi lọ. Mo fojú sìn ín dé ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Obìnrin náà gbé ṣíbí tirẹ̀ náà sílẹ̀, kò jẹun mọ́, ó ń bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ láìgbé orí sókè, ó sì ń fi aṣọ ìnuwọ́ nu ojú. Mo bi Fúnmi pé kí ló dé.

"Màámi, wọ́n ní ẹ ti ọ̀nà tó jìn báyìí wá, ẹ ò lè fẹnu kan ọbẹ̀ tí ìyá ìyá àwọn fi tọ́ àwọn. Wọ́n ní bí ẹ ò bá fẹ́ ọmọ àwọn, kí ẹ sọ ọ́ jáde, kí ẹ má fi oúnjẹ sọ ọ́."

 Mo ní kó sọ fún wọn pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀, pé ẹ̀kọ́ ilé wa ni, kí wọ́n rọ̀ mí lẹ́ẹ̀kan sí i péré. Fúnmi wò mí. Mi ò tíì rí ojú yẹn lára ọmọ mi rí.

Ó ní, "Kò sẹ́ni tó ń rọni lẹ́ẹ̀kẹta níbí, Màámi. Ilé ọ̀rẹ́ mi kan ni mo kọ́kọ́ wọ̀ sí nígbà tí mo dé ìlú yìí. Ìyá rẹ̀ ní kí n wá jẹun, mo ní mo ti yó. Ó gbà mí gbọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń mu omi ẹ̀rọ, oúnjẹ sì wà ní ilé ìdáná lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá mi. Mo rò pé ṣe ni inú yín á dùn bí ẹ bá gbọ́ pé mo ṣe bí ẹ ti kọ́ mi."

Kí inú mi dùn! Inú bí mi gidigidi. Ó bí mi sí ara mi, ó bí mi sí ìyá mi, ó bí mi sí gbogbo ìyá tó ti fi ojú lé ọmọ kúrò nídìí àwo láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà yẹn kan náà ló wá kọ́ wa pé ebi ni a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi pamọ́. Mo di tábìlì mú, mo sì sọ ohun tí mi ò tíì sọ rí nílé onílé láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi.

"Ebi ń pa mí. Láti àárọ̀ ni ebi ti ń pa mí. Túmọ̀ rẹ̀ bí mo ṣe sọ ọ́, má bù kún un, má yọ kúrò."

Fúnmi túmọ̀ rẹ̀. Ìyá Tọ́másì lanu, ó wò mí, ó wo Fúnmi, ó bú sẹ́rìn-ín, omi ṣì wà lójú rẹ̀. Ó fi ohùn tí Àlàájà fi ń lé ewúrẹ́ pe ọmọbìnrin tó gbé ọbẹ̀ lọ. Wọ́n gbé e padà, wọ́n tún gbé òmíràn wá, kábéèjì àti olú tí wọ́n dì sínú ìyẹ̀fun pípò, wọ́n sè é, wọ́n da àlùbọ́sà díndín lé e lórí. Mo jẹ gbogbo rẹ̀. Mo jẹ ọbẹ̀ náà tán, mo fa búrẹ́dì tó wà nínú rẹ̀ ya, mo jẹ ìyẹn náà. Àna mi ń bù sí àwo mi láìbi mí mọ́, èmi náà ò kọ̀.

Nígbà tí mo dé, mo lọ bá Màámi ní Iléṣà. Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ẹnu wọn ṣì mú. Mo ròyìn fún wọn. Wọ́n ní, "Ayé burú nígbà yẹn. Ta ló mọ ohun tó wà nínú oúnjẹ ẹlòmíì? Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Èmi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ọmọ tíṣà ò rí jẹ nílé." Mo gbà pẹ̀lú wọn lórí ti àkọ́kọ́, ẹ̀rù ọmọ ń bà wọ́n, mi ò lè bá wọn jà sí i. Ti èkejì ni mi ò gbà. Ẹnu ayé ni wọ́n bẹ̀rù jù, ìyẹn ni ọmọ mi fi ń fi omi ẹ̀rọ ṣe oúnjẹ nílẹ̀ àjèjì.  Màámi ní bí wọ́n ṣe kọ́ àwọn náà nìyẹn.

Lóòótọ́, ayé ti yí. Nígbà tiwa, ọmọ ò tó bẹ́ẹ̀ láti sọ pé ebi ń pa òun níwájú àlejò, lónìí ọmọ á wọlé, á ṣí fíríìjì, á bi ọ́ pé kí ló dé tí kò sí nǹkan tútù. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń bínú sí i. Èmi ò bínú mọ́. Àwọn tó ṣì ń kọ́ ọmọ ní ti àtijọ́ ló ń bí mi nínú. Lóṣù tó kọjá, obìnrin kan tí a jọ ṣiṣẹ́ ní Àbẹ̀rẹ̀ mú ọmọbìnrin rẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́fà wá kí mi. Mo gbé mọ́ínmọ́ín kalẹ̀, ó ń rú èéfín. Ọmọ náà wò ó, ó gbé itọ́ mì, ó ní, "Mo ti yó, mà." Mo bojú wẹ̀yìn, mo sì bá ojú ìyá rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́.

Mo ní kí ìyá náà dìde, kó yí àga rẹ̀ padà, kó kọjú sí ògiri. Ó rò pé mò ń ṣeré, àmọ́ mi ò rẹ́rìn-ín. Ó yí i padà, ó ní, "Àǹtí, ẹ fẹ́ ba ọmọ mi jẹ́." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọ náà wo ẹ̀yìn orí ìyá rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó rí i pé kò sí ojú níbẹ̀, ó sì fa àwo sún mọ́ra. Ó jẹ méjì tán, ó bi mí bóyá ó ṣẹ́ kù.

Mo ní ó ṣẹ́ kù.